Ẹ Má Pa Ológbò Tó Ń Bá Wa Ṣọ́ Oúnjẹ

Àwa tá a wà ní Zaria níbí ti kó àgbàdo àti ẹ̀pà wọlé tán, ọkà bàbà ló kù lóko. Òjò ti lọ láti oṣù tó kọjá, eruku ti dé, ètè ti ń là. Ọ̀rọ̀ kan wà tá a fẹ́ bá ara wa sọ kí ọyẹ́ tó mú gan-an.

Oko wa ò tóbi, éékà kan péré ni, lẹ́yìn Samaru. Ọjà la ń tà ní Sábóngàrì, àmọ́ ọjà nìkan ò bọ́ ilé mọ́, ìyẹn la ṣe ń dáko. Ẹṣin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ti aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ni. A máa ń fún wọn ní ewé ẹ̀pà àti pòròpórò ọkà, òun náà á fún wa ní ìgbẹ́ wọn tá a ó dà sóko kí òjò tuntun tó dé. Kò sówó níbẹ̀. Ológbò mẹ́ta ló sì ń ṣọ́ yàrá tá a ń kó oúnjẹ sí.

Mẹ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan nínú ilé ń ṣàìsàn, ni ẹnì kan bá ní ológbò dúdú tó ń ké lóru yẹn, àjẹ́ ni. Kò pẹ́, a bá a lókùú lẹ́yìn ilé. Wọ́n fi oògùn èkúté sínú ẹja fún ìkejì. Ẹ̀kẹta sá lọ. Ibà lásán ló ń ṣe ọmọ yẹn. Wọ́n fún un lóògùn lọ́sibítù, ara rẹ̀ yá. A ò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́, torí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, a sì dákẹ́.

Kí oṣù méjì tó pé, èkúté ti wọ yàrá oúnjẹ. Wọ́n dá àpò àgbàdo mẹ́rin lu, àti àpò ẹ̀pà méjì. Ẹ̀yin náà mọ iye tí àpò kan jẹ́ lọ́jà báyìí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté.

Tó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni, ì bá sàn. Ṣẹ́ ẹ rántí ibà Lassa? Ìlú Lassa ní Borno, lókè Ọya níbí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1969. Eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ lè kó o ran èèyàn. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí gan-an ló máa ń pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká kó oúnjẹ sínú ohun tí eku ò lè wọ̀, ká da ìdọ̀tí jìnnà sílé, ká sì sin ológbò.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu nìyí. Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo wa la máa ń sáré lọ wo ẹṣin, a ó gbé ọmọ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó ya fọ́tò. Àwọn baba wa l'Ọ́yọ̀ọ́ náà gbayì nítorí ẹṣin, òkè Ọya níbí ni wọ́n sì ti ń rà á. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹṣin tó ń yán lóru jẹ́ àjẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ ológbò la ń sọ lókò?

Àwọn kan á ní oògùn èkúté yá jù. Òótọ́ ni, ó yá. Àmọ́ adìẹ lè jẹ ẹ́, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́, ọmọ kékeré ò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí súìtì.

Lọ́dún yìí, a ti lọ tọrọ ọmọ ológbò méjì lọ́wọ́ aládùúgbò ẹlẹ́ṣin wa. A sì ti kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà nílé pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, àwa àti onítọ̀hún ni. A ò ní dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin ará Kano, Kaduna, Jos àti Minna ńkọ́? Tí ológbò bá ń ké lóru nílé yín, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká jẹ èrè oko wa pẹ́. Àmín.