Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ìwé Ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàdúná àti Zaria, ilé ìkàwé kì í ṣe ilé àti ìwé nìkan. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá mọ bí a ti ń to ìwé, ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC yóò padà lọ́wọ́ òfo, bí ìwé náà tilẹ̀ wà lórí pẹpẹ.

Àjọ TETFund, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, ń náwó sórí ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn tó jẹ́ ti ìjọba. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àdúgbò kò sí níbẹ̀. A rọ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kó ya owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná.

Àwa náà ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ń kàwé níbẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwé, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ́ kò lè lò ó. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fo ẹgbẹ́jọdá kan lọ́dún yìí, kó fi owó rẹ̀ rán òṣìṣẹ́ kan lọ kọ́ṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.