Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Rí Ọfà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń ta ohun èlò ọdẹ ní Amẹ́ríkà, àwọn oníbàárà wọn sì ń gbè é: pé ọrun ayé òde òní ti rọrùn débi pé ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ Sátidé lè gbé e wọ igbó lọ́jọ́ Ajé. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní compound ni wọ́n ń sọ. Irọ́ ni. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ti gba irọ́ náà gbọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ọrun ṣọdẹ àgbọ̀nrín yóò san owó ìwé àṣẹ, yóò sọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀, yóò fi ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdẹ hàn, ó parí. Kò sí ẹni tó ní kó ta ọfà kan ṣoṣo kí wọ́n rí i.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìpínlẹ̀ kankan má ṣe fún ẹni tí kò tíì ta ọfà lójú ẹlẹ́rìí ní ìwé àṣẹ láti fi ọfà ṣọdẹ. Ọfà mẹ́fà péré ti tó. Kó ta wọ́n láti yáàdì 20, kí gbogbo wọn bọ́ sí ibi tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun kan, nítorí ibi tí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn àgbọ̀nrín wà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ jùyẹn lọ. Montana àti New York gbìyànjú díẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n sọ ọ́ di dandan kí tafàtafà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó dáhùn ìbéèrè tó sì yege, ohun tó mọ̀ la rí. A kò tíì rí ọfà rẹ̀.

Holless Wilbur Allen, ará Missouri, ló gbé irú ọrun yìí kalẹ̀. Ó tọrọ ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lé e lórí ní 1966, wọ́n sì fún un ní 1969. Kẹ̀kẹ́ tí ihò rẹ̀ kò bọ́ sí àárín gbùngbùn ló fi sí ṣóńṣó apá ọrun méjèèjì. Bí èèyàn bá fa ọsán dé àyè kan, kẹ̀kẹ́ á yí, ẹrù á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Ọrun tí ìfà rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 70, bó bá ń dẹ̀ ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, pọ́ùn 14 péré ni ọwọ́ yóò gbé dúró nígbà tí ọsán bá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tafàtafà á wá rí àyè fi ojú wo ẹran láti inú ihò kékeré tó wà lára ọsán, á sì fi ohun tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ tú ọsán sílẹ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ ọ̀hún ti ta gbòǹgbò: nítorí pé dídi ọrun mú rọrùn, wọ́n rò pé títa á náà rọrùn.

Ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ kì í sì í foríji ẹni tí kò bá tò ó dáadáa. Gígùn ìfà gbọ́dọ̀ bá apá ẹni tó ni ín mu. Bó bá gùn jù díẹ̀, orí á máa tì sẹ́yìn, ọsán á sì máa na apá. Ọrun tí ọ̀rẹ́ tà fún èèyàn lówó pọ́ọ́kú, apá ọ̀rẹ́ ni wọ́n tò ó fún. Ọfà náà ní òfin tirẹ̀. Èyí tó rọ̀ jù fún agbára ọrun á máa jó lójú afẹ́fẹ́. Èyí tó fúyẹ́ jù á ba ọrun jẹ́. Òṣùwọ̀n tí àwọn aṣe-ọrun sábà máa ń fúnni ni gíréènì 5, ó kéré tán, fún pọ́ùn ìfà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ọrun pọ́ùn 70 kò gbọdọ̀ ta ọfà tí kò tó gíréènì 350. Ẹni tó bá sì fa ọrun láìfi ọfà sí i, tó tú u sílẹ̀ lófìfo, agbára tí ọfà ì bá gbé lọ á padà sára ọrun: apá rẹ̀ lè là, kẹ̀kẹ́ lè tẹ̀, ọsán lè já. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ti ọrun oníkẹ̀kẹ́ tún burú jùyẹn lọ, nítorí ọ̀pá ṣì wúlò fún nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń ta ọfà la bébà kọjá. Wọ́n á na bébà sórí férémù, tafàtafà á dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mélòó kan sí i, á ta á. Bí ihò rẹ̀ bá mọ́ roboto, tí ìyẹ́ ọfà fi ojú tirẹ̀ hàn láìfa bébà ya, ọfà ń lọ tààrà. Bí bébà bá ya sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ohun kan kò tọ́: bóyá ibi tí wọ́n fi ọfà kọ́ lára ọsán, bóyá ibi tí ọfà gbé ara lé, bóyá ọwọ́ tó fún ọrun mọ́ra jù. Kí wọ́n tó mọ èwo ni, ilẹ̀ á ti ṣú. Nígbà tí wọ́n bá wá yọ orí ọfà ìdánrawò, tí wọ́n fi orí abẹ tí wọ́n fi ń pa ẹran rọ́pò rẹ̀, ọfà tó ń bọ́ sójú kan náà lánàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, nítorí abẹ náà ń bá afẹ́fẹ́ jà. Sátidé dà? Ọjọ́ Ajé dà?

Ẹran pàápàá kò sì ní dúró bíi bébà. Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa sọ pé ọfà ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni. Wọn kì í fi kún un pé ìró ń sáré ní nǹkan bí 1,100. Àgbọ̀nrín tó dúró ní yáàdì 40, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 120, á gbọ́ ìró ọsán nígbà tí ọfà kò tíì rin ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà. Àgbọ̀nrín onírù funfun á rẹ ara sílẹ̀ kó tó fò, ọfà tí wọ́n fojú sun sí ẹ̀dọ̀fóró á sì bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí kó gba òkè rẹ̀ kọjá. Ọfà kì í pa ẹran bí ọta ìbọn ti ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pa á. Bó bá la ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ẹran á ṣubú láìrìn jìnnà. Bó bá wọ ikùn, á gbé ọfà wọ igbó lọ, á sì máa kú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹran ló ń san gbèsè ìdánrawò tí ọdẹ kò ṣe. Ìpínlẹ̀ tó gba owó ọdẹ náà kò rí ọfà rẹ̀ rí.

Ẹni tó ń dánra wò gan-an, níbo ló ti ń ṣe é? Ẹ̀yìnkùlé, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, nínú ooru oṣù Keje. Nígbà tí oṣù Kọkànlá bá dé, orí igi ló wà, níbi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, nínú kóòtù tó nípọn débi pé ọsán ń há sí i lápá, òtútù ti mú un níka, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ẹni tó bá ń ta ọfà láti òkè gbọ́dọ̀ tẹ̀ láti ìbàdí, kó má kàn rẹ apá nìkan sílẹ̀. Kò sí bó ṣe máa mọ èyí láìgun òkè. Ọgọ́rùn-ún ọfà lọ́sàn-án kò tó ọfà kan ṣoṣo tí èèyàn ta ní kùtùkùtù, pẹ̀lú aṣọ igbó lọ́rùn, kí ara tó yá. Irú ọfà yẹn nìkan ni àgbọ̀nrín máa ń rí.

Àwọn tí kò fẹ́ ìdánwò yìí ní òmìnira làwọn ń jà fún. Òmìnira láti fi abẹ gún ẹran níkùn? Ìpínlẹ̀ kan náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa mọ́tò lọ sọ́jà láìjẹ́ pé ẹni tí òfin fún láṣẹ wò ó bó ṣe ń wà á. Wọ́n ní ìdánwò á lé èèyàn kúrò nídìí ọdẹ, owó ìtọ́jú ẹranko igbó á sì dín kù. Lóòótọ́, òfin Pittman-Robertson ti 1937 ló ń mú owó orí ohun èlò ọdẹ lọ síbi ìtọ́jú ẹranko, ọrun àti ọfà sì ti wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dánra wò látòwúrọ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ ń ra ọfà ju ẹni tó gbé tirẹ̀ kọ́ ògiri lọ. Kí àwọn olùtajà lọ ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó ń ṣeé ṣe ní Fairfax, Virginia, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ bá wọn fi ọfà dín àgbọ̀nrín kù nínú ọgbà ìjọba ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege níbi títa ọfà. Ó ń ṣeé ṣe ní Denmark, níbi tí kò ti sí ọdẹ ọlọ́fà tí kò ṣe ìdánwò. Ní 2028, ọrun oníkẹ̀kẹ́ yóò wọ Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Los Angeles. Gbogbo àwọn tí yóò ta á níbẹ̀ ni yóò ti yege kí wọ́n tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ bébà ni wọ́n fẹ́ ta.

Nígbà tí a sì ti ń sọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn, ta ló ní kí àkàtàǹpó wọ àsìkò ọfà? Wisconsin ló kọ́kọ́ ya àsìkò sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi ọrun pa àgbọ̀nrín, ní 1934, nígbà tí ọrun ṣì jẹ́ igi àti ọsán lásán. Ní ọ̀pọ̀ ibi ni àsìkò ọfà ti gùn ju ti ìbọn lọ, nítorí pé iṣẹ́ náà ṣòro. Michigan wá ṣílẹ̀kùn fún àkàtàǹpó ní 2009. Wisconsin fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2014. Ohun tí wọ́n ti fà sílẹ̀ kí ẹran tó dé, tó ní awò lórí, tó ku kí wọ́n kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́! Kí àgbàlagbà àti ẹni tí apá ń dùn lò ó, kò sẹ́ni tó ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n géńdé tó ń gbé irin wíwúwo láràárọ̀ ní ilé eré ìdárayá, kí ló ṣe é lápá? Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, wọn ò ní pẹ́ ní kí àgbọ̀nrín máa wọkọ̀ wá bá ọdẹ nílé. Ó tó. Ẹni tó ń lo àkàtàǹpó náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: kí òun náà wá ta tirẹ̀ ká rí i.

Kí àwọn tó ń pariwo òmìnira bojú wo Ìlú Ọba. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 kò gbà kí wọ́n fi ọrun tàbí àkàtàǹpó pa ẹran igbó níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní London lè ra ọrun oníkẹ̀kẹ́, kó máa fi ta àmì nínú ẹgbẹ́ tafàtafà. Bó bá dán an wò lára àgbọ̀nrín, ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Fọ́tò àgbọ̀nrín kan tó ń rìn kiri àdúgbò pẹ̀lú ọfà lára tó láti mú kí aṣòfin Amẹ́ríkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bíi ti London. Ọdẹ tí kò lè ta ọfà ń bá àwọn tó fẹ́ fòfin de ọdẹ ṣiṣẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àsìkò ọfà Maryland ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, àwọn ìpínlẹ̀ míì á sì tẹ̀ lé e. Kí ẹni tó ní ọrun má dúró de aṣòfin. Kó pe ẹnìkan tí kò ní í pọ́n ọn, kó wọ kóòtù rẹ̀, kó gun òkè, kó fi orí abẹ sẹ́nu ọfà, kó ta mẹ́fà. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ ní yáàdì 30, yáàdì 20 ni kó mọ lọ́dún yìí. Bó bá yẹ̀ ní 20, kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ sílé.