Dàdá Kò Lè Jà

Bí obìnrin kan bá bímọ ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà, tí irun orí ọmọ náà ta kókó wá sílé ayé, kò sí àgbàlagbà tí í béèrè orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́: Dàdá ni, Dàdá olówó ẹyọ, a kì í fi òòyà yọ ọ́ lẹ́nu, a kì í fá orí rẹ̀ láìṣètò, ẹ̀wà ni a sì ń sè pe àwọn ọmọdé àdúgbò sí sàráà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá jẹ́ kí irun tirẹ̀ náà ta kókó nítorí pé orin régè wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, àwa tí a jẹ ẹ̀wà ijọ́un náà ni a ó kọ́kọ́ pè é ní ìpáǹle, tí a ó ní kí ó lọ fárí kí ó tó wọlé wa. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: àgàbàgebè ni.

Ẹ ó ní Dàdá ọ̀run yàtọ̀ sí Dàdá àtọwọ́dá. Ó yàtọ̀, ẹ̀jẹ́ ni ti Rasta. Nígbà tí wọ́n dé Ras Tafari ládé ní Etiópíà ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1930, tí ó di Haile Selassie, àwọn mẹ̀kúnnù kan ní Jàmáíkà, àrọ́mọdọ́mọ ẹrú tí ẹ̀kọ́ Marcus Garvey ti là lójú, gbà pé ọba tí Ìwé Mímọ́ ń wí ti dé. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́jẹ̀ẹ́, bíi Násírì inú Bíbélì, pé abẹ kò ní kan orí àwọn. Kí ni wọ́n rí gbà? Ní oṣù kẹrin ọdún 1963, lẹ́yìn rògbòdìyàn Coral Gardens, ọlọ́pàá àti ọmọ ogun kó wọn, wọ́n lù wọ́n, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì fi ipá rẹ́ irun wọn. Ó di ọdún 2017 kí ìjọba ibẹ̀ tó tọrọ àforíjì.

Àwọn bàbá wa ní Dàdá kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. Régè ni àbúrò náà. Ìlù mẹ́ta ni àwọn Rasta ń lù nínú ìsìn Nyabinghi wọn, níbi tí ó jẹ́ pé èyí tí ó kéré jù ni ó ń fọhùn, bí ìyáàlù ti ń fọhùn lọ́dọ̀ tiwa. Onílù Rasta kan, Count Ossie, gbé e wọ inú àwo orin ní nǹkan bí ọdún 1960, òun àti ska àti Sáàmù àti ìyà Kingston sì pò pọ̀ di ohùn tí Bob Marley gbé dé Salisbury ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ní òru tí Zimbabwe gba òmìnira. Ẹ yọ ìgbàgbọ́ Rasta kúrò nínú rẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ ni yóò kù sí yín lọ́wọ́.

Ta ni ó sì sọ pé àjèjì ni? Májẹ̀kódùnmí Fáṣeékẹ, tí ayé mọ̀ sí Majek Fashek, ọmọ tí a bí ní ìlú Benin, tí baba rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, tí Ifá sì wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, gbé irun Dàdá lórí, ó pe régè tirẹ̀ ní pangolo, ó sì fi orin tọrọ òjò ní ọdún 1988. (Àbúrò Dàdá Àjàká, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, Ṣàngó ni, ọba tí ó ni àrá.)

Igbó ńkọ́? Rasta kà á sí ohun ìjọsìn, òfin Nàìjíríà kà á léèwọ̀, n kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tí ó ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ rìn yí ká gáréèjì lálẹ́, kí ẹ ka orí àwọn tí èéfín rẹ̀ ń ti ẹnu wọn jáde: afárí kodoro pọ̀ níbẹ̀ ju onírun Dàdá lọ. Ti àwọn ọmọ tí ó kàn kó irun jọ, tí wọn kò mọ Selassie yàtọ̀ sí Sàlámì, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Àìmọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣe é, a kì í sì í fi abẹ wo àìmọ̀kan.

Ẹ̀yin òbí Ìbàràpá méje, pàápàá ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà tí ayé ń tìtorí ìbejì wá wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé abẹ yẹn sílẹ̀.