Ọlọ Inú Ọmọ Tí Ó Ti Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS wà, ilé bẹ́ẹ̀ kò sì kéré láàárín wa. Púpọ̀ nínú wa mọ ìrora egungun àti àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń fà. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún òbí ni pé kòkòrò àrùn tí ó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọlọ inú ló fà á. Abẹ́ egungun ìhà òsì ni ẹ̀yà ara yìí wà. Bí asẹ́ ògì ló rí: ó ń yọ pàǹtí kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó sì ń gbá kòkòrò mú kí wọ́n tó pọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ bí dòjé máa ń dí i pa. Nínú ọmọ SS, ó lè bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Nígbà tí wọ́n bá fi pé ọdún 5, ti ọ̀pọ̀ wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tú àṣírí náà. Èérún kan máa ń ṣẹ́kù sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa mìíràn nígbà tí wọ́n bá ń dàgbà, ọlọ tí ó le ni yóò sì yọ ọ́. Bí ọlọ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, èérún náà yóò wà níbẹ̀, yóò hàn lábẹ́ maikirosíkóòpù bí àmì dúdú roboto. Howell-Jolly body ni wọ́n ń pè é, orúkọ ará Amẹ́ríkà kan àti ará Faransé kan. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, gíláàsì pẹlẹbẹ, aró tí wọ́n fi ń wá ibà, àti ojú ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá, ó parí. Ẹ̀rọ tí ń ka ẹ̀jẹ̀ lè tẹ nọ́ńbà rẹpẹtẹ jáde kí ó má sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ fi ojú wo ẹ̀jẹ̀ náà?"

Bí wọn kò bá rí i, ìyẹn kò fi hàn pé ọlọ pé. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí ó ń ka sẹ́ẹ̀lì tí ó dà bíi pé ó ní ihò wéwé lára. Òun a máa tètè fura jù, ṣùgbọ́n ó nílò maikirosíkóòpù àkànṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi títóbi ọlọ tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 1969, Howard Pearson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọlọ ọmọ SS lè wú kí ó má sì ṣiṣẹ́ kankan. Níhìn-ín, ibà pẹ̀lú ń mú un wú.

Ọmọ SS kò ní láti dúró de àmì yìí kí ó tó gba ìtọ́jú. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé penicillin ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ dín irú àrùn yìí kù ní ìdá 84 nínú 100. Ọmọ 13 nínú 110 tí kò lò ó ló kó àrùn náà, 3 sì kú. Nínú 105 tí ó lò ó, 2 péré ló kó o, kò sí èyí tí ó kú. Ọmọ SC ni àmì náà wúlò fún jù, nítorí ọlọ tirẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó kọṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí ó mọ ọjọ́ náà.

Penicillin kì í ṣe oògùn olówó ńlá. Kí ló dé tí kò fi sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìgbèríko? A ń bi ìjọba, a ó sì máa bi wọ́n. Fáìlì lè sùn lórí tábìlì. Àrùn kì í sùn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà kòkòrò yìí ti wà nínú ti ọmọdé ní Nàìjíríà láti ìparí 2014. Ẹ rí i pé ọmọ yín gbà á pé. Bí ara ọmọ SS bá sì gbóná lóru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.