Kí A Tó Sọdá Òkun, Ẹ Jẹ́ Ká Dé Òṣogbo

Àwọn kan nínú wa ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá wọn lówó láti lọ gbafẹ́ létíkun erékùṣù Trinidad. Èrò tiwa ni pé kò yẹ. Owó alájẹṣẹ́kù wà fún oko, ọjà àti owó ilé-ìwé ọmọ. Ìgbafẹ́ kì í san gbèsè.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni má najú o. Ṣùgbọ́n Ṣàngó àti Òṣun tí wọ́n ń bọ ní Trinidad, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbé e lọ láyé òwò ẹrú. Susanne Wenger fi Austria sílẹ̀, ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì ń tún igbó Òṣun ṣe títí ó fi dàgbà. UNESCO fi igbó náà kún ogún àgbáyé ní 2005. Mélòó nínú wa níbí ní Sẹkọna ló ti débẹ̀? Kì í ṣe pé ká lọ bọ òrìṣà. Ká lọ wo ohun ìní wa ni.

Ẹ jẹ́ ká máa dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ká jọ háyà bọ́ọ̀sì lọ. Ẹni tí Trinidad ṣì ń wù, kó fowó ara rẹ̀ lọ. Ẹ wá sọ tẹnu yín nípàdé.