ẸNI TÍ Ó MỌ ÌYÁ ARÚGBÓ NI KÍ WỌ́N GBÀ SÍ IṢẸ́

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ọ̀dà títì, kì í sì í ṣe ti iná mọ̀nàmọ́ná. Ọ̀rọ̀ èèyàn ni.

Kò sí àdúgbò kan ní apá ibi tí a wà yìí tí kò ní irú ìyá yìí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan wà ní Èkó, èkejì wà ní Àbújá, ẹ̀kẹta kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Orúnkún kò jẹ́ kí ó lè pọn omi. Bí aládùúgbò bá bu ọbẹ̀ wá, ó jẹun. Bí aládùúgbò bá lọ sí oko, ó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ òkété kò bá sí nílé ńkọ́? Bí ọmọ òkété fúnra rẹ̀ kò bá rí jẹ ní ìlú tí ó lọ ńkọ́?

Láyé àtijọ́, ẹbí àti àáró àti ọ̀wẹ̀ ló ń gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí ìlú ńlá, ìjọba òyìnbó pàápàá rí i pé ẹrù náà ti ju ohun tí ẹbí nìkan lè gbé. Ní 1941, wọ́n fi Donald Faulkner ṣe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní Èkó, nítorí àwọn ọmọ tí kò nílé tí wọ́n ń sùn káàkiri ìgboro. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ wẹ́fíà ti di iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni ẹni tí ń pín ìrẹsì nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Rárá o! Òun ni ó yẹ kí ó mọ iye arúgbó tí ń dá gbé ní àdúgbò. Òun ni ó ń bá tọkọtaya jókòó kí ọkọ má baà lu ìyàwó pa, kí bàbá sì lè máa san owó oúnjẹ ọmọ. Òun ni ó ń wá ilé fún ọmọ tí wọ́n gbé sọ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá dé kóòtù, òun ni adájọ́ ń bi pé, ‘Báwo ni ilé tí ọmọ yìí ti wá ṣe rí?’

Ẹ jẹ́ kí a la òfin náà yékéyéké. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 16, sọ pé kí ìjọba rí sí ìtọ́jú àwọn arúgbó àti ìgbáyégbádùn àwọn aláàbọ̀ ara. Ní apá ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ káńsù ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé káńsù ni yóò máa dá itẹ́ òkú sílẹ̀ tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀, àti ilé fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera. Ẹ gbọ́ ná! Itẹ́ òkú àti ilé aláìní, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà. Itẹ́ òkú ni a ń rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé aláìní tí káńsù yín kọ́, ẹ nawọ́ sókè.

Òfin yìí kan náà sọ pé ohun tí ó wà ní ìpín 16 yẹn, a kò lè tìtorí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bí kóòtù kò bá lè gbọ́ ẹjọ́ ìyá arúgbó, àpótí ìbò nìkan ni kóòtù tí ó kù fún un.

Ẹ rántí owó arúgbó. Ní October 2011, ìjọba Èkìtì, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn tí kò jìnnà sí wa, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà tí ó ti pé ẹni 65 ọdún, tí kò ní owó kan tí ń wọlé, ní N5,000 lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ yòówù kí ó ṣe é, ohun tí ó dára, a óò pè é ní dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yí padà ní October 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Kí ni àwọn arúgbó ṣẹ̀? Ebi kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ètò tí ó bá rọ̀ mọ́ ọ̀gá kan, bí ọ̀gá náà bá ti ń lọ ni yóò bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí a fi ìdánwò gbà ń bẹ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ ìyá wà nínú ìwé rẹ̀, ẹni tí yóò pa ìwé náà tì yóò rójú.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa wà gan-an. Ta ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ yìí?

Àwọn ọmọ wa kò sá fún ìwé. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ọgbà rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Nsukka ń kọ́ni ní iṣẹ́ wẹ́fíà títí dé dígírì. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdó, irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ a sì máa lo òṣìṣẹ́ wẹ́fíà fún aláìsàn tí kò ní ará. Iṣẹ́ ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Ohun tí ó dínà láàárín àwọn méjèèjì ni ‘Ta lo mọ̀?’

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń ṣe ìwé yìí, ìwé mẹ́wàá ló ní. Ó gbọ́ pé wọ́n ń gba èèyàn sí iṣẹ́ wẹ́fíà níbì kan tí a kò ní dárúkọ. Ó gbé sátífíkéètì rẹ̀ lọ. Akọ̀wé kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó ní, ‘Ta ló rán ọ wá?’ Ọmọkùnrin náà ní, ‘Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Èmi ni mo rán ara mi.’ Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Ẹni tí kò sẹ́ni tó rán an kì í wá síbí.’ Bẹ́ẹ̀ ló gbé ìwé rẹ̀ padà sílé. Ẹni tí ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ló rí iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè náà, ‘Ta lo mọ̀?’, kò burú o. Ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí ni ó burú. Iṣẹ́ wẹ́fíà, iṣẹ́ mímọ èèyàn ni. Ǹjẹ́ o mọ baálẹ̀? Ǹjẹ́ o mọ ìyálọ́jà? Ǹjẹ́ o mọ nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn kékeré, ọ̀gá ilé ìwé, lèmọ́mù, pásítọ̀, ọlọ́pàá tí kì í gba rìbá? Ǹjẹ́ o mọ ọlọ́kadà tí yóò gbé ọ dé abà lóru? Ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀nyí ni ó mọ èèyàn. Ẹni tí ó mọ ọ̀gá lókè nìkan, àlejò ni láàárín wa. Àlejò sì ní ojú, kò fi í ríran.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Bí ẹni ibi kan bá fipá bá ọmọdébìnrin lò ní abúlé, oògùn kan wà tí ó lè dènà àrùn éèdì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Èkìtì ní òfin tí ó dojú kọ ìwà yìí láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ilé ìtọ́jú Mọremí sì wà ní Adó. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kò bá mọ abúlé náà, tí ìyá ọmọ kò sì mọ̀ ọ́n, ta ni ìyá yóò sáré lọ bá? Àwọn àgbà yóò ní kí wọ́n rọra parí rẹ̀ nínú ilé. Ọjọ́ mẹ́ta yóò ti kọjá. Ìyẹn ni ohun tí iṣẹ́ tí wọ́n fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ ń ṣe fún wa.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ kò le. Èkínní, kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan, ó kéré tán, wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nínú káńsù 16 tí ó wà ní Èkìtì. Èkejì, bí ààyè iṣẹ́ bá ṣí, kí wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ààfin, mọ́ ọjà, mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Kí wọ́n ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì lẹ máàkì náà síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó ní ìwé mẹ́wàá lè bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí káńsù sì rán an lọ kọ́ sí i, kí ó lè gòkè. Ẹ̀kẹrin, kí a sọ owó arúgbó di òfin tí ìjọba kan kò lè dá dúró.

Wọn yóò ní kò sí owó. Ẹ dá wọn lóhùn pé ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó káńsù tààrà sí ọwọ́ káńsù. Ẹ bi alága yín léèrè pé, ‘Ṣé owó náà ti ń dé ọ̀dọ̀ yín? Bí ó bá ń dé, kí lẹ fi ṣe? Bí kò bá dé, ta ló mú un dání?’

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ káwọ́ lẹ́rán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ kọ orúkọ àwọn arúgbó àdúgbò yín sílẹ̀. Ẹ bá wọn pọn omi, ẹ kọ lẹ́tà fún wọn, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí ìdánwò tòótọ́ bá dé, ìwé orúkọ yẹn yóò jẹ́rìí yín ju lẹ́tà ọ̀gá lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí olùdíje kan bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ìbáà ṣe tiwa, ẹ má bi í pé kí ló mú wá. Ẹ mú un lọ sí ilé ìyá arúgbó tí ó wà ní ìtòsí, kí ẹ sì bi í pé, ‘Ta ni yóò máa wá wo ìyá yìí lẹ́yìn ìbò?’ Bí kò bá ní èsì, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.