Wọ́n Pe Ajá ní Ọ̀bọ fún Awakọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ tuntun nìkan. Bí a bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tí ènìyàn fi mú nǹkan, orúkọ tí ó sọ nǹkan náà ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó rí olè tí ó ní "ọwọ́ rẹ̀ ni kò dúró" ti fi hàn wá pé òun kò ní í mú olè náà. Ìdí nìyí tí èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fi rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ bi mí pé kí ló kan onímọ̀ èdè nínú ẹ́ńjìnnì.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ General Motors bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ọkọ̀ kan tí ó ti tà padà, pàápàá Chevrolet Cobalt àti Saturn Ion. Kí oṣù kẹta tó parí, iye ọkọ̀ náà ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6. Àlébù tí ó wà lára wọn kéré lójú. Ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ láti fi ṣíná ọkọ̀ ni. Sípíríìn kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó di kọ́kọ́rọ́ mú gírígírí nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ṣùgbọ́n sípíríìn yìí kò lágbára tó. Bí nǹkan wíwúwo bá wà lórí òrùka kọ́kọ́rọ́, tàbí tí orúnkún awakọ̀ bá kàn án, tàbí tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, kọ́kọ́rọ́ lè yí kúrò ní ipò rẹ̀, iná a sì lọ. Ọkọ̀ a kú lórí eré. Sítíárìn a le koko, bíréèkì a di ohun tí ènìyàn ń fi gbogbo agbára tẹ̀. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó tú jáde gba orí àti àyà awakọ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá kò ní í tú mọ́, nítorí kò sí iná tí yóò jí i. Ẹ̀ṣọ́ tí a gbà sílé wá sùn lọ lóru tí olè dé.

Nígbà tí àwọn tí a yàn láti pín owó gbà-má-bínú parí iṣẹ́ wọn ní 2015, ikú 124 ni wọ́n gbà pé ojú-kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ nínú, àwọn tí ó farapa sì jẹ́ 275. Owó ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó fa gbogbo wàhálà yìí kò tó dọ́là kan.

Òǹkàwé mi, bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀ ló fà á, n kì bá tí yọ ara mi lẹ́nu. Wọ́n mọ̀. Láti ọdún 2001, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe Saturn Ion lọ́wọ́, ni wọ́n ti rí i pé ojú-kọ́kọ́rọ́ náà kò gbóná tó. Ní 2002, ẹnjiníà tí ọ̀rọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Cobalt jáde, àwọn oníbàárà ráhùn pé ọkọ̀ ń kú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní 2005, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sí àwọn tí ń bá a ta ọkọ̀ pé kí wọ́n sọ fún oníbàárà kí ó yọ àwọn ẹrù wíwúwo kúrò lórí òrùka kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní 2006, wọ́n tún ẹ̀yà náà ṣe kí ó lè lágbára sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fi nọ́ńbà àtijọ́ sí i lára, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wádìí kò lè mọ èyí tuntun yàtọ̀ sí èyí àtijọ́. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ló dé tí wọn kò pe ọkọ̀ wọ̀nyí padà fún ọdún mẹ́wàá? Agbẹjọ́rò tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yàn láti wádìí, Anton Valukas, dáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2014. Ó ní àwọn tí ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kà á sí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn oníbàárà, wọn kò kà á sí ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ kíyè sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti ọdún 1966 tí ó fi ọwọ́ líle mú àlébù tí ó bá jẹ mọ́ ààbò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn lásán, ènìyàn lè jókòó kí ó máa ṣírò iye tí àtúnṣe yóò náni. Ọkọ̀ kú lórí eré, wọ́n ní ìnira díẹ̀ ni. Èyí gan-an ni Yorùbá ń pè ní pípe ajá ní ọ̀bọ.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2008, tí ìjọba Amẹ́ríkà tú síta ní 2014. Nínú rẹ̀ ni wọ́n to ọ̀rọ̀ 69 sí, pé kí òṣìṣẹ́ yẹra fún wọn bí ó bá ń kọ̀wé nípa ọkọ̀. Wọn kò fẹ́ kí ó kọ "àlébù". Kí ó kọ ọ́ pé nǹkan náà "kò ṣe bí a ti pète rẹ̀". Wọn kò fẹ́ kí ó kọ "ìṣòro". Kí ó kọ "ọ̀ràn kan". Ẹyin lohùn, a mọ̀ pé bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ kí ẹyin bọ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ rẹ̀ rárá ti ṣe tán láti jẹ́ kí orí oníbàárà fọ́.

Valukas tún ròyìn àṣà méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé gbogbo wọn yóò jókòó ní ìpàdé, wọn yóò mi orí pé àwọn fara mọ́ ohun tí a sọ, wọn yóò sì jáde láìní í lọ́kàn láti ṣe é. Èkejì ni pé kí ènìyàn ká apá méjèèjì mọ́ra, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ẹlòmíràn, pé òun ló ni ẹ̀bi. N kò rò pé mo nílò láti túmọ̀ ìwọ̀nyí fún ọmọ Yorùbá. Ta ni kò tíì gbọ́ "a ti gbọ́ o, a ó ṣe é" ní ọ́fíìsì kan rí?

Èrè rẹ̀ dé. Ìjọba bu mílíọ̀nù 35 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ náà lórí ní 2014, ó sì san mílíọ̀nù 900 mìíràn ní 2015 láti parí ẹjọ́ ọ̀daràn. Òṣìṣẹ́ 15 ni a lé lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí a gbé lọ sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn. Ẹ wá fi èyí wé ti ọ̀dọ́mọbìnrin awakọ̀ kan níbẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu igi, tí ẹni tí ó jókòó tì í sì kú. Ó gbà nílé ẹjọ́ pé òun ni òun jẹ̀bi ikú náà, ó sì gbé ẹ̀bi yìí lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé ẹjọ́ tó wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní 2014. Ẹni tí ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ni a dá lẹ́bi. Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ń mi orí ní ìpàdé.

Kí wá ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn wá gan-an. Bí Amẹ́ríkà bá pe ọkọ̀ padà, lẹ́tà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Bí ọkọ̀ náà bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó gba Kútọnu tàbí èbúté Èkó wọlé tí a sọ ọ́ ní tòkunbọ̀, lẹ́tà kì í tẹ̀ lé e. Òfin wọn lọ́hùn-ún gan-an kò ka títa àlòkù ọkọ̀ tí a kò tíì tún ṣe léèwọ̀ fún oníṣòwò. Àlébù ń bọ̀ lókè òkun, ìkìlọ̀ rẹ̀ ń jókòó sílé. Ẹ sì wo òrùka kọ́kọ́rọ́ àwọn bàbá wa: kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti géètì, ti páádì márùn-ún, àti ohun tí a fi ń ṣí ọtí!

Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, a máa ń ní àwọn ayé ni, tàbí pé Ògún ló ń fẹ́ ajá. N kò wá bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ògún tí mo mọ̀ ni ẹni tí a ń fi irin rẹ̀ búra nílé ẹjọ́ kí á má baà purọ́. Ẹni tí ó ṣe irin tí kò dára, tí ó sì mọ̀, tí ó tà á, òun ló kọ́kọ́ ṣẹ Ògún. Kí á tó di ẹ̀bi ru òrìṣà tàbí ìyá arúgbó kan ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ojú-kọ́kọ́rọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé òtòṣì kò ní í gbé ọkọ̀ padà sí Detroit, kí ni ìmọ̀ yìí yóò ṣe fún un? Èsì mi ni pé kí a tó rí ẹ̀yà tuntun fi sí ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ìmọ̀ràn tí General Motors fúnra rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ ní 2014 ni pé kí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan ṣoṣo wà níbẹ̀, kí a yọ ohun gbogbo yòókù kúrò. Èyí kò náni ní kọ́bọ̀. Mímọ̀ nìkan ló gbà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á ṣe. Èkíní, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kọ àmì 17 tí ó wà lára ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ó sì fi wádìí lórí ẹ̀rọ ayélujára àjọ ààbò ojú títì Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Èkejì, òfin ààbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 ti ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá rí ewu nínú ọjà tí ó ti tà kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì kó ọjà náà kúrò lórí àtẹ. Kí ìjọba lo òfin yìí, kí ìkéde náà sì wáyé ní èdè tí awakọ̀, mẹkáníìkì àti rẹ́wáyà ń sọ.

Ẹ̀kẹta jẹ́ tiwa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí á fún nǹkan yìí ní orúkọ tí ó tọ́. Mo dábàá "ìpèpadà ọkọ̀", kí á sì gbé e dé orí rédíò àti inú gáréèjì. Àwọn kan jókòó ní Amẹ́ríkà, wọ́n to ọ̀rọ̀ 69 jọ kí òtítọ́ má baà rí ẹnu sọ̀rọ̀. Àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa, bí a kò bá lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba ẹ̀mí là, kí ni a wá ń kọ́ ní yunifásítì?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.